Orúnkún Méjì, Ojú Iyọ̀ Mẹ́fà

Ọjọ́ 26, oṣù Karùn-ún

Inú ń bí mi, kò sì sẹ́ni tí mo lè sọ ọ́ fún ládùúgbò yìí tí kò ní lọ tún un sọ. Ìdí tí mo fi ra ìwé yìí nìyẹn.

Alhaji Durahman wá sórí oko iyọ̀ láàárọ̀, ó káwọ́ sẹ́yìn bí ọ̀gá ọlọ́pàá. Mo ń fa igi yíyí tó ń tẹ ilẹ̀ lórí ojú iyọ̀ kẹta kí ilẹ̀ ẹ̀ lè le kí omi òkun tó wọlé, tí oòrùn á sọ di iyọ̀. Orúnkún mi ọ̀tún wú bí àgbọn tútù. Mo fa igi ní ìgbésẹ̀ mẹ́wàá, mo dúró. Mo tún fà á ní mẹ́wàá, mo dúró. Alhaji ń kà á. Mo rí ètè ẹ̀ tó ń kà á.

"Ìyá Ruqayyah," ó ní, "nígbà tí ọkọ rẹ wà láyé, ilẹ̀ yìí ti máa ń le kó tó di àsìkò yìí."

Mo ní, "Alhaji, nígbà tí ọkọ mi wà láyé, àwa méjì la máa ń fà á. Tèmi nìyí. Ẹ wá bá wa fa tiẹ̀."

Kò fà á. Ó ní títí di Ọjọ́ Òmìnira, ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ, lòun fún mi. Tí n ò bá tíì fi ọwọ́ ara mi fa iyọ̀ ojú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo kí ọjọ́ yẹn tó kọjá, ilẹ̀ òun ni, Sadirin ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ló máa gbà á. Sadirin! Ẹni tó jẹ́ pé tó bá gbé agbọ̀n iyọ̀ kan, á jókòó mu sìgá mẹ́ta. Ọdún mọ́kàndínlógún lọkọ mi fi ṣe àwọn ojú iyọ̀ yẹn. Àbàtà lásán ni wọ́n nígbà tó débẹ̀. Màá kú síbẹ̀ kí Sadirin tó wọ̀ ọ́ ni.

Afẹ́fẹ́ dáa. Kò sí ìkùukùu rárá. Ọdún yìí máa jẹ́ ọdún iyọ̀, mo sì ń rìn bí akàn.

Ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún

Mo lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n ti gbé nọ́ọ̀sì tuntun wá, Wulan lorúkọ ẹ̀, ọmọ òdìkejì omi. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ó sì ń sọ èdè erékùṣù Madura wa yìí bí ẹni tó ń jẹ ẹja eléegun. Ó tẹ orúnkún mi. Mo pariwo.

"Màmá, ó wú, ó sì gbóná. Làkúrègbé ni."

"O kú iṣẹ́ o. Mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó kúrò nílé."

Ó rẹ́rìn-ín, mi ò bá a rẹ́rìn-ín. Ó fún mi ní oògùn, hóró kan láàárọ̀, hóró kan lálẹ́. Ó ní ó máa mú wíwú yẹn wálẹ̀, àmọ́ ó máa ń bá inú jà, kí n má gbé e mì láìjẹun. Ó bi mí bóyá mò ń lo nǹkan mìíràn. Mo ní rárá. Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọjọ́ 2, oṣù Kẹfà

Oògùn Wulan ń ṣiṣẹ́ bí òṣìṣẹ́ ìjọba: ó ń bọ̀, kò tíì dé. Orúnkún rọ̀ díẹ̀ láàárọ̀, ó tún le lọ́sàn-án.

Lónìí ọjọ́ ọjà, Jumali dé sórí alùpùpù ẹ̀, ó so gbohùngbohùn mọ́ iwájú, àpótí àgùnmu kún ẹ̀yìn.

"Ẹ̀yin èèyàn mi! Ewé ni! Gbòǹgbò ni! Kò sí kẹ́míkà níbẹ̀! Ìyá tó ń rìn bí akàn á máa rìn bí ọmọge! Bàbá tí ìyàwó ẹ̀ ti gbàgbé, ìyàwó á rántí ẹ̀ kó tó di sààrì!"

Ọjà dà rú fún ẹ̀rín. Ẹ̀gbọ́n Satumi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé agbọ̀n ìgò àgbo ẹ̀ pọ̀n sẹ́yìn bó ṣe ń pọ̀n ọ́n láti ogójì ọdún, ata ilẹ̀ pupa, ata ilẹ̀ funfun, gbogbo nǹkan tó ń korò tó ń ta. Ìgò ẹ̀ ṣì kún. Ìgbà tí Jumali ò tíì máa wá, ìgò yẹn kì í kún di agogo mẹ́jọ.

Ó dúró tì mí. "Hosniyah, gbòǹgbò wo ló ń ṣiṣẹ́ kéèyàn tó gbé ife sílẹ̀? Tèmi ń gba ogójì ọjọ́. Gbòǹgbò kì í sáré."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, owú ń jẹ yín."

"Owú ń jẹ mí lóòótọ́. Ìyẹn ò sọ ọ́ di irọ́."

Mo ra àpò àgùnmu kéékèèké mẹ́wàá lọ́wọ́ Jumali, ẹgbẹ̀rún méjì rúpíà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo fi wọ́n pamọ́ sábẹ́ ìborùn kí Ẹ̀gbọ́n Satumi má bàa rí i. Ó rí i.

Ọjọ́ 3, oṣù Kẹfà

Ẹ gbà mí! Mo po àpò kan mọ́ omi gbígbóná, mo mu ún. Kí n tó fọ ife tán, ìrora ti lọ. Ó lọ pátápátá, bí ẹni pé wọ́n yọ ọ́. Mo jókòó, mo dìde. Mo tún jókòó, mo tún dìde. Mo fa igi yíyí láti àárọ̀ títí wọ́n fi pe ìrun ọ̀sán, mi ò dúró lẹ́ẹ̀kan. Sadirin wà lórí ẹsẹ̀ oko, bèbè tó yí ojú iyọ̀ ká, sìgá já bọ́ lẹ́nu ẹ̀.

Ọjọ́ 11, oṣù Kẹfà

Gbogbo èèyàn ló ń yìn mí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ti kún, ojú mi ń dán bí òṣùpá. Ìyàwó Lemọ́mù ní, "Ìyá Ruqayyah, o ti ń gbádùn o, ta ló ń bọ́ ẹ?" Tiẹ̀ náà kún. Nígbà tí mo wò yíká ní mọ́sálásí àwọn obìnrin, bóyá ojú mẹ́jọ ló kún bẹ́ẹ̀. Ọdún yìí dáa fún gbogbo wa.

Mo ti ń lo àpò méjì lójúmọ́ báyìí. Ọ̀kan ò tó mọ́.

Ọjọ́ 13, oṣù Kẹfà

Mo lọ gba oògùn sí i lọ́dọ̀ Wulan. Ó ya ọmọ náà lẹ́nu pé orúnkún ti wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó wò mí lójú títí. "Màmá, ṣé ẹ ò lo oògùn kankan mọ́ tèmi?" Mo ní rárá. Mi ò purọ́. Àgùnmu? Ìyẹn náà ń jẹ́ oògùn? Láti inú ìyá mi ni mo ti ń mu àgbo. Tí wọ́n bá bi ẹ́ pé kí lo jẹ lónìí, ṣé o máa ń ka omi mọ́ ọn?

Ọjọ́ 18, oṣù Kẹfà

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Hóró oògùn kan àti àpò àgùnmu kan ní sààrì, hóró kan àti àpò kan nígbà ìṣínu. Mo ń kọ́kọ́ gbé wọn mì kí ọwọ́ mi tó kan dàbínù, torí pé orúnkún ni àlejò tó kọ́kọ́ ń kanlẹ̀kùn. Wulan ní lẹ́yìn oúnjẹ. Wulan ò mọ bí oko iyọ̀ ṣe ń rí lójú ààwẹ̀.

Ọjọ́ 21, oṣù Kẹfà

IYỌ̀ ÀKỌ́KỌ́! Ojú kìíní àti ìkejì, ọwọ́ mi ni mo fi fà á. Agbọ̀n méjìdínláàádọ́ta. Funfun báláú. Wọ́n ń ra kílò kan ní irínwó rúpíà, ó wálẹ̀ ju tọdún tó kọjá lọ, àwọn olè, nígbà tí iyọ̀ bá pọ̀ wọ́n á ní ó pọ̀, nígbà tó bá wọ́n wọ́n á ní kò funfun. Ṣùgbọ́n kí wọ́n wí tiwọn. Ọwọ́ mi ni mo fi fà á.

Ọjọ́ 25, oṣù Kẹfà

Inú mi ń jó bí ẹni gbé ẹyin iná mì. Ooru ni. Ààwẹ̀ ni.

Ọjọ́ 2, oṣù Keje

Wọ́n ní mo ṣubú lórí ẹsẹ̀ oko lọ́jọ́ Àìkú. Èmi ò rántí. Mo rántí pé mo lọ ṣe ìgbẹ́ láàárọ̀ yẹn, ó dúdú bí ọ̀dà tí wọ́n fi ń kun ọkọ̀ ojú omi, ó sì ń rùn ju bó ṣe yẹ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀run ló wà lókè mi.

Asíbítù ìlú ni mo wà fọ́jọ́ mẹ́rin. Àpò ẹ̀jẹ̀ méjì ni wọ́n fà sí mi lára. Dókítà ní inú mi ti dá ọgbẹ́, ó ń ṣẹ̀jẹ̀, oògùn orúnkún ló fà á. Kí n má lò ó mọ́. Òun náà bi mí bóyá mo lo nǹkan mìíràn, mo ní rárá.

Oògùn orúnkún ló fà á! Ta ló fún mi?

Ọjọ́ 3, oṣù Keje

Mo ní kí ọkọ̀ tó gbé mi bọ̀ já mi sẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Mo di ògiri mú, mo sì la ẹnu.

"Wulan! Jáde síta! Jáde kí wọ́n rí ẹ! Wọ́n rán ẹ wá láti òdìkejì omi kó o wá fi opó kọ́ iṣẹ́ ni? Oògùn tó o fún mi lu inú mi!"

Ó jáde, ojú ẹ̀ funfun. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé, ẹ jókòó."

"Mi ò wọlé! Ẹni tó bá wọlé síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ló máa gbé jáde! Ẹ̀yin obìnrin, ẹ gbọ́ o!"

Wọ́n gbọ́. Obìnrin méje tó jókòó síbẹ̀ dìde lọ sílé wọn. Mo rò pé mo ti ṣe ohun tó dáa.

Mo da oògùn ẹ̀ sínú omi. Àgùnmu nìkan ni mò ń lò báyìí. Ewé ò kúkú lè pa èèyàn.

Ọjọ́ 6, oṣù Keje

Ìgbẹ́ ṣì dúdú. Mo ti jáwọ́ nínú oògùn Wulan, ó sì ṣì dúdú. Májèlé yẹn mà le o.

Lemọ́mù ní aláìsàn ò gbọdọ̀ gbààwẹ̀. Mo jẹ ìrẹsì alágbàdo lójú ọ̀sán lórí ẹsẹ̀ oko, níṣojú gbogbo ayé. Sadirin gba ibẹ̀ kọjá.

"Ìyá, ẹ rọra o, ẹnìkan ń wò yín lókè."

Mo ní, "Òun ló ní kí n jẹun. Ìwọ lo ò mọ ẹni tó ní kó o mu sìgá lẹ́yìn ilé ẹja."

Ó sá lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo débi ojú iyọ̀ kìíní, mo rí ojú ẹsẹ̀ bàtà nínú ẹ̀. Sadirin ti ń fi ẹsẹ̀ wọn gígùn ẹ̀.

Ọjọ́ 8, oṣù Keje

Jẹ́ kí n kọ eléyìí dáadáa.

Alhaji ní akọ màlúù kan tó ń sáré ìdíje, Mànàmáná lorúkọ ẹ̀. Màlúù yẹn ń sùn lábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn, wọ́n ń fi òróró ra á lára, ó ń jẹ ẹyin ogójì lọ́jọ́ kan ṣáájú eré. Ìyàwó Alhaji ò jẹ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, orúnkún Mànàmáná wú. Alhaji ra odidi páálí kan lọ́wọ́ Jumali, ó ń da ogún àpò mọ́ ẹyin àti oyin, ó ń rọ ọ́ sí màlúù lẹ́nu láàárọ̀ lálẹ́. Àá ṣe é bẹ́ẹ̀ náà ni. Ohun tó bá dáa féèyàn, a máa ń fún màlúù eré.

Màlúù náà fò fún ọjọ́ mẹ́ta. Láàárọ̀ òní, ó dùbúlẹ̀.

Gbogbo abúlé ló lọ wò ó, èmi náà fi ọ̀pá tẹ̀lé wọn. Alhaji jókòó sínú pòròpórò, ó gbé orí màlúù lé itan, ó ń sunkún bí ẹni tí ìyá ẹ̀ kú. Dókítà ẹran ti dé láti ìlú, wọ́n sanwó ọkọ̀ fún un kí oòrùn tó yọ. Ó wọ ìbọ̀wọ́ gígùn, ó fa ìgbẹ́ màlúù jáde, ó dà á sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ó dúdú bí ọ̀dà. Òórùn ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi.

Mo ní, "Mo mọ ìgbẹ́ yìí."

Gbogbo wọn yíjú sí mi.

Mo tún un sọ: "Mo mọ̀ ọ́n. Tèmi nìyẹn."

Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín. Dókítà ẹran ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, kí lẹ jọ ń lò, ẹ̀yin àti màlúù?"

Ẹni tí wọn ò bá tíì bi ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ò lè mọ bó ṣe ń rí lára. Wulan ò fún màlúù ní nǹkan kan rí. Mo na ọ̀pá sí páálí tó wà lẹ́bàá ògiri.

Dókítà kó àpò márùn-ún síbi tó ń kó irinṣẹ́ sí, ó ní òun máa fi wọ́n ránṣẹ́ sí ibi tí wọ́n ti ń yẹ oògùn wò.

Ọjọ́ 9, oṣù Keje

Mi ò sùn dáadáa. Láàárọ̀, mo gbé àpò àgùnmu tó kù, mo lọ bá Wulan. Ilé ìwòsàn ṣófo. Ó ń fi ìgbálẹ̀ gbá ibi tí kò sí ìdọ̀tí.

Mo kó àpò náà sórí tábìlì ẹ̀. "Mo ń lo eléyìí. Méjì lójúmọ́, nígbà míì mẹ́ta. Láti ọjọ́ kẹta oṣù tó kọjá."

Ó jókòó. "Pẹ̀lú oògùn tèmi?"

"Pẹ̀lú tìẹ."

"Màmá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bi yín."

"Oògùn lo bèèrè. Èyí jẹ́ àgùnmu."

Ó fọwọ́ bo ojú. Mo rò pé ó ń sunkún, àfi bó ṣe gbójú sókè, ẹ̀rín ló ń pa á, tí omi sì ń bọ́ lójú ẹ̀. Ó ní tí èrò òun bá tọ̀nà, oògùn orúnkún kan ti wà nínú àgùnmu yẹn, òun sì tún fi òmíràn lé e. Ìyẹn ni pé ẹni méjì ń lu inú kan ṣoṣo. Ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ó fọwọ́ kàn án. Ó ní ojú yìí kì í ṣe ojú ìgbádùn. Ó ní kí n má jáwọ́ nínú ẹ̀ lójijì, nítorí ara tó ti lò ó pẹ́ lè dákú tí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kọ ìwé, ó ní kí n padà sọ́dọ̀ dókítà ìlú lónìí, òun á bá mi lọ.

Ó bá mi lọ. Lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo sọ sí i. Nínú ọkọ̀, ó fún mi ní ìjókòó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

Ọjọ́ 12, oṣù Keje

Èsì dé. Dókítà ẹran pe Alhaji, Alhaji gbé e sórí gbohùngbohùn fóònù, gbogbo wa gbọ́.

Nǹkan méjì ló wà nínú ẹ̀ yàtọ̀ sí ìyẹ̀fun ewé. Èkíní, oògùn oríkèé tí wọ́n ń fún ẹṣin. Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má fún èèyàn mọ́ nítorí pé ó ń ba inú àti ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Èkejì, oògùn tó ń pa ìrora lẹ́nu mọ́ kíá, tó ń mú ojú kún, tó sì ń jẹ egungun nínú lọ́hùn-ún téèyàn bá ń lò ó bẹ́ẹ̀.

Ẹṣin! Orúkọ tí ọkọ mi pè mí láàárín ọgbọ̀n ọdún pọ̀, kò pè mí ní ẹṣin rí.

Mànàmáná ti dìde, ó ń jẹ koríko. Kò ní sáré lọ́dún yìí.

Ọjọ́ 13, oṣù Keje

Mo lọ láti ilé dé ilé. Gbogbo ilé tí ojú ti kún. Mo ń sọ ohun tí Wulan sọ: ẹ má mu ún jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má sì jáwọ́ nínú ẹ̀ lójijì, ẹ lọ bá Wulan kó bá yín dín in kù. Ìyàwó Lemọ́mù ní, "Ṣé Wulan tó o ní kí á sá fún ní ọjọ́ mẹ́wàá sẹ́yìn?" Mo ní, "Òun náà ni. Mo ṣìṣe. Ẹnu tí mo fi ṣìṣe ni mo fi ń tún un ṣe, ẹ dìde."

Ó dìde.

Ọjọ́ 14, oṣù Keje

Mo ti ń dúró de ọjọ́ ọjà yìí bí ọmọdé ṣe ń dúró de aṣọ ọdún.

Jumali dé. "Ẹ̀yin èèyàn mi! Ewé ni! Gbòǹgbò ni!" Mo lọ síwájú alùpùpù ẹ̀, mo sì gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ ẹ̀. Ó rò pé mo fẹ́ jẹ́rìí sí iṣẹ́ rere. Ó jẹ́ kí n gbà á!

"Ẹ̀yin èèyàn mi," mo ní, ohùn mi dé ojú omi. "Ìyá tó ń rìn bí akàn nìyí. Ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Oògùn ẹṣin ló wà nínú àgùnmu yìí. Mo fi ìnira ra á lẹ́gbẹ̀rún méjì méjì, mo sì fi àpò ẹ̀jẹ̀ méjì san ìyókù."

Jumali ń fa okùn gbohùngbohùn. "Màmá, èmi náà ra á ni! Mi ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀!"

"Tó ò bá mọ̀, ta ló ní kó o máa pariwo pé kò sí kẹ́míkà? Ẹni tí kò mọ̀ a máa dákẹ́! Mu ún. Mu àpò mẹ́wàá níbí, níṣojú wa."

Kò mu ún. Ọjà pariwo: "Mu ún! Mu ún!" Ó wo àpò, ó wo èèyàn. Ìyẹn tó. Ẹni tí kò mọ̀ ìbá ti mu ún.

Alhaji ti dé. "Màlúù mi! Ìwọ olórí burúkú, o fẹ́ pa màlúù mi!"

Mo yíjú sí i, gbohùngbohùn ṣì wà lọ́wọ́ mi. "Alhaji, ẹ fara balẹ̀. Nígbà tí màlúù yín ṣe ìgbẹ́ dúdú, ọjọ́ mélòó lẹ fi wá ìdí ẹ̀?"

Mo ka á fún un lórí ìka.

"Ọjọ́ mẹ́rin. Nígbà tí mo ṣubú lórí ilẹ̀ yín, kí lẹ ṣe? Ẹ rán Sadirin wá wọn ojú iyọ̀ mi. Ẹ wá sọ fún ọjà yìí, kí ni màlúù fi ju opó lọ?"

Mo gbọ́ tí Ẹ̀gbọ́n Satumi ní, "Ẹyin ogójì." Ibẹ̀ ni ọjà ti fọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí àwọn míì fi jókòó sílẹ̀.

Baálẹ̀ ní kí wọ́n kó gbogbo páálí Jumali, ọlọ́pàá wá gbé e lọ kó lọ sọ ibi tó ti ń rà á. Ẹ̀gbọ́n Satumi ta gbogbo ìgò ẹ̀ kó tó di agogo mẹ́jọ.

Ọjọ́ 17, oṣù Keje

Ìtúnu ààwẹ̀. Lọ́jọ́ òní, ọmọdé ló ń lọ tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ àgbà. Wulan lè jẹ́ ọmọ mi. Mo wọ aṣọ mi tó dáa jù, mo gbé ìrẹsì inú ewé àgbọn àti ọbẹ̀ adìyẹ, mo lọ kanlẹ̀kùn ẹ̀. Kò lè lọ sílé ọ̀dọ̀ ìyá ẹ̀ nítorí pé òun nìkan ló wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó ń jẹ indomí lọ́jọ́ ọdún.

Mo ní, "Dárí jì mí, nínú ọ̀rọ̀ àti nínú ọkàn. Mo ba orúkọ ẹ jẹ́ láìmọ̀dí."

Mo fẹ́ kúnlẹ̀, ó dì mí mú. "Màmá, ẹ dìde, orúnkún yín!" A rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Èmi náà jẹ̀bi. Ó yẹ kí n bi yín nípa àgbo, àgùnmu, ìpara, tíì, gbogbo ẹ̀. Mo bèèrè bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé ìwé." Báyìí, ó ti kọ ìbéèrè yẹn sí ara ògiri ní èdè wa, èmi ló bá a tún un kọ. Ẹ̀gbọ́n Satumi ti lọ jà níbẹ̀ pé kí ni wọ́n ń wá tí wọ́n kọ àgbo òun mọ́ oògùn. Wulan ní, "Ẹ̀gbọ́n, nítorí pé ó ń ṣiṣẹ́ ni."

Ọjọ́ 27, oṣù Keje

Ìrora ti padà, gbogbo ẹ̀ pátá, bí ẹni tó lọ sàjò. Dókítà ìlú ti ń dín oògùn tó fi rọ́pò àgùnmu kù díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ sì ti ń wálẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kó di Ọjọ́ Òmìnira.

Wulan ò fún mi ní hóró tó ń bá inú jà mọ́. Ìpara ni, oògùn tó ń mú wíwú wálẹ̀ kan náà, àmọ́ orúnkún là ń fi pa, kò ní ohun tó ń wá dénú. Hóró kan tó ń ṣọ́ inú. Àti àga. Kí n jókòó, kí n dìde láìfọwọ́ kan nǹkan, ìgbà mẹ́wàá láàárọ̀, mẹ́wàá lálẹ́. Mo ní, "Ṣé èyí náà jẹ́ oògùn?" Ó ní, "Òun ló dáa jù nínú wọn." Ìgbà mẹ́ta ni mo lè ṣe. Mo bú àga náà.

Ọjọ́ 4, oṣù Kẹjọ

Ìgbà mẹ́wàá! Mo bú u tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Mo gé igi ìdìmú pákó ìfayọ̀ mi kúrò, mo fi ọparun tó ga ju orí mi lọ rọ́pò ẹ̀. Ọkùnrin kúkúrú kan ló ṣe èyí tí gbogbo wa ń lò, ó sì rò pé gbogbo ayé á máa tẹ̀ba fún òun títí láé. Ní báyìí mo ń dúró gbọn-in fà á. Obìnrin mẹ́rin ti wá wọn gígùn ẹ̀.

Ọjọ́ 11, oṣù Kẹjọ

Mo bẹ̀rẹ̀. Ojú kìíní, láti ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ títí oòrùn fi gun orí igi. Mo jẹun, mo fi ìpara pa orúnkún, mo sinmi. Mi ò sáré. Gbòǹgbò kì í sáré.

Ọjọ́ 13, oṣù Kẹjọ

Ojú kẹta. Ẹ̀fúùfù gbígbóná. Orúnkún òsì wú díẹ̀. Mo gbé aṣọ tútù lé e, mo bá a sọ̀rọ̀, mo sì halẹ̀ mọ́ ọn.

Ọjọ́ 15, oṣù Kẹjọ

Ojú kẹrin lánàá, ìkarùn-ún lónìí. Sadirin gbé ara ti alùpùpù ẹ̀. "Ìyá, ṣé kí n bá yín gbé àga wá?"

"Gbé e wá, kó o jókòó lé e, kó o wo bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́. O ò tíì rí i rí."

Ọjọ́ 17, oṣù Kẹjọ

Ọjọ́ Òmìnira. Lánàá mo sinmi, ọlọ́gbọ́n ni mí báyìí. Nígbà tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń ta àsíá, mo ti wà nínú ojú kẹfà.

N ò pe ẹnì kankan, àmọ́ wọ́n wá. Àwọn obìnrin tí ojú wọn ti padà sí tiwọn tò sórí ẹsẹ̀ oko, Ẹ̀gbọ́n Satumi pẹ̀lú ìgò ẹ̀, Wulan pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́, Baálẹ̀, Lemọ́mù. Eré gígun òpó tí wọ́n fi òróró kùn ń lọ ní pápá, kò sẹ́ni tó wò ó. Alhaji dé kẹ́yìn, ó káwọ́ sẹ́yìn.

Mo ń fà á. Iyọ̀ ń kóra jọ níwájú pákó, ó ń dún ṣàà, ṣàà. Nígbà tó ku bí ìgbésẹ̀ mẹ́wàá, orúnkún ọ̀tún ta mí bí ìgbà tí akeekèé bá tani. Mo dúró. Mo rí Sadirin tó ju sìgá sílẹ̀ tó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú.

Mo ní, "Gbé ẹsẹ̀ ẹ padà."

Mo fà á dé òpin. Mo gbá igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́. Òkè iyọ̀ kẹfà ga tó àyà mi. Ariwo tó sọ, mo gbọ́ pé wọ́n gbọ́ ọ ní pápá, wọ́n rò pé ẹnìkan ti dé orí òpó.

Alhaji sọ̀kalẹ̀ sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú bàtà ẹ̀. Ó bu iyọ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó, ó tọ́ ọ wò. Ó ní, "Ìyá Ruqayyah, ilẹ̀ yìí ṣì jẹ́ tìẹ."

Mo ní, "Alhaji, ẹ ṣeun. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

"Ṣé ọ̀rọ̀ ẹnu mi ò tó ni?"

"Ó tó. Òun náà lẹ fi fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi."

Baálẹ̀ gbé ìwé wá. Àgbẹ̀ ilẹ̀ náà: Hosniyah, lẹ́yìn ẹ̀ ọmọ ẹ̀ Ruqayyah, títí wọ́n bá fi ń ṣe iyọ̀ níbẹ̀. Alhaji tọwọ́ bọ̀ ọ́. Lemọ́mù tọwọ́ bọ̀ ọ́. Mo ní kí Wulan náà tọwọ́ bọ̀ ọ́, ó ní àlejò lòun. Mo ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Kọ orúkọ ẹ." Ó kọ ọ́.

Ọjọ́ 18, oṣù Kẹjọ

Orúnkún ń ro mí, bó ṣe yẹ kí orúnkún obìnrin tó ṣiṣẹ́ máa ro ó. Mo jẹun, mo fi ìpara pa á. Mo ṣí ilẹ̀kùn omi sí ojú kìíní, mo sì dúró wò ó tó ń wọlé sórí ilẹ̀ mi.